Ohùn Mubashir Nínú Àpótí Awò Ojú

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n sọ ọ́ fún yín, kí n má sì fi orúkọ òun pamọ́. Ó ní ojú ti ti òun tó, ohun tó kù ni kí ẹlòmíràn fi kọ́gbọ́n. Ó tún ní kí n má gbàgbé láti sọ pé ní gbogbo ìgbà tí òun ń ṣe ohun burúkú náà, inú òun dùn débi pé òun kì í rìn mọ́, fífò ni òun ń fò. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá korò lẹ́nu, ta ni yóò jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?

Adébíyìí ni orúkọ rẹ̀. Ungwan Romi ló ń gbé ní Kàdúná, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà láàárín ìgboro, níbi tó ti ń ṣe awò fún àwọn tí ìwé kíkà ti ń nira fún. Awò ojú ló ń tà, àwo orin ló ń rà. Dinah ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, a máa sọ pé àmì ohùn nìkan ló ya iṣẹ́ ọkọ òun sọ́tọ̀ kúrò lára wèrè rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwo ló ń rà. Àwo kékeré ni, èyí tó ń gbé orin kan níwájú, orin kan lẹ́yìn. Àwo rọ́ọ̀kì ni, èyí tí àwọn ọmọ wa gbé jáde lẹ́yìn ogun abẹ́lé, láyé ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dá irun sí bí igbó, tí wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà, tí wọ́n sì ń fi gìtá oníná pariwo bí ẹni tílé rẹ̀ ń jó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ adùn wèrè yìí bíi tirẹ̀. Àbdùlsàlámì ni, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kabala Doki, tó ń ta aṣọ. Lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000, nígbà tí onígbàgbọ́ ń kó lọ sí gúúsù odò, tí mùsùlùmí ń kó lọ sí àríwá, àwọn méjèèjì kò yéé sọdá afárá lọ sọ́dọ̀ ara wọn, àpò àwo lábẹ́ abíyá.

Láti bí ogún ọdún, àwo kan ṣoṣo ni Àbdùlsàlámì ń wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mubashir, ló kọ ọ́ lọ́dún 1974, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n pe ara wọn ní Hámátáànì Fáìfù. Bàbá wọn jẹ́ alfa tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun ń ta gìtá ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó fọ́ gìtá náà, ó sì dáná sun gbogbo àwo tó bá nílé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ pa Mubashir lọ́nà Zaria.

Ìyá wọn, Alhaja Alimat, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó máa ń sọ pé òun ti gbàgbé bí ohùn ọmọ náà ṣe rí, àti pé ìgbàgbé yẹn ni ikú rẹ̀ kejì.

Adébíyìí mọ gbogbo èyí. Kò sí ọ̀kan tí wọn kò sọ lójú rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2012, bàbá kan tó ń jẹ́ Moses wá ṣe awò ìkàwé. Bó ṣe ń gbìyànjú láti ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, ojú rẹ̀ bọ́ sára àpò àwo kan tí Adébíyìí fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní agbọ́tí ni òun ní hòtẹ́ẹ̀lì kan láyé ọjọ́un. Páálí irú àwo bẹ́ẹ̀ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun ní Trikania. Òun ń padà sí abúlé lọ dáko, ìyàwó òun sì ti búra pé àwo kò ní bá àwọn wọkọ̀.

Adébíyìí kò jẹ́ kó ka lẹ́tà tán. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, àwọn méjèèjì sì gun ọ̀kadà kan náà lọ sí Trikania.

Ikán ti jẹ àpò àwọn kan, eku ti bímọ sórí àwọn mìíràn. Adébíyìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú wọn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ páálí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bébà pupa ló wà láàárín àwo náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Hámátáànì Fáìfù, orin náà ni "Ìyá Mi, Ṣílẹ̀kùn", Mubashir ló ta gìtá, òun náà ló sì kọrin.

Ó ní ṣe ni eyín òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn bí ẹni ibà dá gúnlẹ̀. Moses bi í bóyá àkeekèé ló wà nínú páálí.

Òótọ́ ni pé ó fẹ́ pe Àbdùlsàlámì. Kó tó gun ọ̀kadà padà ló ti fa fóònù yọ, ó ti wá orúkọ náà kàn. Nígbà náà ló ro ó pé àwo náà dọ̀tí. Ta ló ń gbé ìdọ̀tí fún ọ̀rẹ́? Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná.

Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó ro ó pé bóyá kò lè kọrin mọ́. Bí wọ́n bá gbé e dé iwájú Ìyá Àgbà, tó wá ń họ bí ológbò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dán an wò ná.

Ó tilẹ̀kùn yàrá. Ó gbé àwo sórí ẹ̀rọ, ó sì fi abẹ́rẹ́ lé e.

Ìlù ló kọ́kọ́ dún, kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni gìtá ya wọlé bíi màlúù tó já okùn, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ké pé òjò ń pa òun, ẹ̀fọn ń jẹ òun, bàbá ti tilẹ̀kùn mọ́ òun síta, kí ìyá òun jọ̀ọ́ wá ṣí i. Kí orin náà tó dé ìdajì, Adébíyìí, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, díákónì ìjọ, ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi igi mọ́ọ̀pù ta gìtá.

Ó yí i padà síbẹ̀rẹ̀. Ó tún yí i padà. Ó ní lọ́la ni òun máa pè é.

Ọ̀la yẹn kò dé. Kì í ṣe owó ló ń wá, nítorí kò ní in lọ́kàn láti tà á. Ohun tó ń pa á bí ọtí ni pé ní gbogbo ayé yìí, òun nìkan ló ní in. Bó bá ń gbé awò sójú oníbàárà, ẹ̀rín á kàn bú yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún ìyá arúgbó kan pé ojú rẹ̀ rẹwà bí ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ gíláàsì bí ìsàlẹ̀ ìgò ni ó ń ṣe fún un. Ó ń sáré gun àtẹ̀gùn. Ó ń súfèé nínú balùwẹ̀.

Dinah gbà pé ọkọ òun ti ní obìnrin níta. Ó ń gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òórùn ọṣẹ tó fi ń fọ àwo nìkan ló ń bá níbẹ̀. Ó wá bi í léèrè ní tààrà. Adébíyìí ní àwo tuntun kan ló ń mú inú òun dùn. Dinah ní kó gbé e kí òun rí i. Ó gbé àwo mìíràn fún un.

Èyí tòótọ́ wà nínú àpótí onígi kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tó ń kó gíláàsì awò àtijọ́ sí.

Nígbà Iléyá, ó sọdá afárá lọ kí wọn ní Kabala Doki bó ti máa ń ṣe. Wọ́n gbé ẹran síwájú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó sún mọ́ òun, ó sì bi í pé, "Adébíyìí, ìwọ tó máa ń rìn káàkiri, o ò tíì gbúròó ọmọ mi?"

"Rárá o, Ìyá," ni ó fèsì. "À ń wá a."

Ìyá Àgbà gbàdúrà fún un pé kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ di òkúta. Ó ní bí òun ti ń padà lọ sílé, òun ń sọ fún ara òun pé òní náà ni òun máa pè. Nígbà tó délé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ àwo náà kó tó bọ́ bàtà.

Lóṣù kọkànlá, Àbdùlsàlámì yọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní òun gbọ́ ní ọjà Panteka pé agbọ́tí kan ní Trikania ta páálí àwo fún ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe awò ojú. Kò fura rárá. Ṣe ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rẹ́ òun ti ń dọdẹ láìsọ fún òun.

Adébíyìí ní, "Orin ìjọ ni gbogbo rẹ̀." Ó ní òun ti kó wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Irọ́ kì í dá rìn, ó máa ń wá ẹlẹgbẹ́. Bí Àbdùlsàlámì ti jáde ni ẹ̀rù bà á pé yóò pàdé olùṣọ́àgùntàn lọ́jọ́ kan, yóò sì bi í. Ó sáré lọ sí Panteka, ó ṣa àwo orin ìjọ tí kò fẹ́ gbọ́ láyé, ó sì kó wọn lọ fún ìjọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, olùṣọ́àgùntàn pè é síwájú, ó ní kí gbogbo ènìyàn wo arákùnrin tó fi ohun tó fẹ́ràn jù sílẹ̀ fún Olúwa. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bridget, aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin, sunkún ayọ̀. Adébíyìí dúró síbẹ̀, ó ń tẹríba, ó sì ń gbọ́ kò, kò, kò nínú etí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kérésì, wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Àbdùlsàlámì sọ fún Adébíyìí lórí fóònù pé ẹ̀rù ń ba òun kí ìyá òun má lọ bá Mubashir láì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ yẹn ni orí Adébíyìí tó wálẹ̀. Ó pinnu pé bí ọdún tuntun bá dé, òun máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń múra irọ́ mìíràn sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọmọbìnrin rẹ̀, Mofìyìnfólúwa, tó wá lo ọlidé nílé, ti ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wò ó. Bàbá rẹ̀ pẹ̀lú igi mọ́ọ̀pù pa á lẹ́rìn-ín débi pé ó ká orin náà sínú fóònù. Alẹ́ ọjọ́ Kérésì ló fi í sórí fóònù ìyá rẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti pè é, orin yẹn ni kó máa dún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àṣírí ni.

Ọjọ́ kejì Kérésì, Àbdùlsàlámì wá kí wọn. Wọ́n bu ìrẹsì àti adìyẹ fún un, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi Mofìyìn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti gbàgbé Yorùbá, Hausa ló fi ń dá òun lóhùn. Fóònù Dinah wà lórí tẹlifíṣàn.

Ó dún. Kò, kò, kò. Gìtá ya wọlé.

Àbdùlsàlámì dúró, itan adìyẹ lọ́wọ́. Dinah dìde láti lọ gbé fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Mofìyìn," ni Àbdùlsàlámì wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má gbé e."

Wọ́n jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Bridget ló ń pè, obìnrin tí kì í sọ̀rètí nù. Ó tún pè. Mubashir tún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bridget pè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti kú láti ọdún márùndínlógójì kọrin nínú pálọ̀ yẹn, omi sì ń bọ́ lójú Àbdùlsàlámì sínú ìrẹsì. Mofìyìnfólúwa, tí kò mọ nǹkan kan, ṣàlàyé pé orin tí Daddy máa ń tilẹ̀kùn jó sí ni.

Ó ti parí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Adébíyìí kò tilẹ̀ lo ju oṣù márùn-ún lọ.

Àbdùlsàlámì yíjú sí i. "Adébíyìí, níbo lo ti rí ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Moses dórí àwo ṣọ́ọ̀ṣì. Dinah jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Adébíyìí retí pé ọ̀rẹ́ òun máa gbá òun létí, ó sì wù ú kó gbá a. Àbdùlsàlámì kò gbá a. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó gbé àwo, kó gbé ẹ̀rọ, kó máa bọ̀.

Wọ́n wọ mọ́tò Àbdùlsàlámì, ẹ̀rọ lórí itan Adébíyìí bí ọmọ ìkókó. Wọ́n rìn láti Ungwan Romi títí wọ́n fi dé afárá. Níbẹ̀ ni Adébíyìí rántí pé bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú, ijó oṣù márùn-ún ló pa á. Ó ní láti bẹ ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ dúró kí òun ra bátìrì. Àbdùlsàlámì dúró. Ó ń wo iwájú tààrà, ṣùgbọ́n Adébíyìí búra fún mi pé òun rí i tí ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu rẹ̀, tó gbé e mì.

Orí àga lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n bá Ìyá Àgbà, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn kò sọ nǹkan kan fún un. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ lé àwo.

Kò, kò, kò.

Ìyá Àgbà gbórí sókè. "Mo ń bọ̀, Mubashir," ni ó wí. "Rọra kàn án, bàbá rẹ ò tíì sùn."

Gìtá ya wọlé, Ìyá Àgbà sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ó ń mi èjìká, ó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀, gèlè rẹ̀ já bọ́, kò wá a. Ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Láàárín ẹ̀ẹ̀kejì sí ẹ̀ẹ̀kẹta ló jẹ́wọ́ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bẹ́ẹ̀ ni Mubashir ṣe máa ń kan fèrèsé òun bó bá ti ibi ìṣeré dé. Òun ló máa ń yọ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ alfa, tí á lọ ṣílẹ̀kùn. Òun náà ló ta ẹ̀gbà ọwọ́ òun kí àwọn ọmọ náà lè lọ kọ àwo yìí. Àbdùlsàlámì la ẹnu sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Ameerah sáré jáde wá wò ó pé ta ló ń jó, ó bá ìyá àgbà rẹ̀ lórí ìdúró láìmú ọ̀pá.

Nígbà náà ni Adébíyìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ìyá, oṣù márùn-ún ni mo ti rí i. Mo parọ́ fún yín nígbà Iléyá."

Ìyá Àgbà wò ó pẹ́. Ó bi í bóyá ó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó ní lójoojúmọ́ ni. Ó bi í bóyá ó jó sí i. Ó ní òun jó.

"Ẹni tó ń jó sí ohùn ọmọ mi, mi ò lè ṣépè fún un," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ọjọ́ ogbó mi lo gbé lọ. Ìwọ ni wàá máa gbé ẹ̀rọ yẹn wá síbí ní gbogbo Sátidé. Bí òjò bá rọ̀, wá. Bí ara rẹ ò bá yá, wá."

Ó lọ. Ọdún kan àti oṣù méje ló fi ń gbé ẹ̀rọ sọdá afárá, títí Ìyá Àgbà fi sùn, tó sì re ibi àgbà ń rè. Ní gbogbo àkókò yẹn, Àbdùlsàlámì á ṣí géètì fún un, á kí i bó ti yẹ kí wọ́n kí àlejò, á sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kì í jáde. Adébíyìí ní ìyẹn ló dun òun jù. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ òun wà ní títì.

Ó ní kí n sọ fún ẹ̀yin tó ń ka èyí pé ẹni tó bá rí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ẹkún wá, kó má ṣe sọ pé òun máa kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Kó gbé e lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀.

Ní ọdún 2015, lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹsidé kan, Adébíyìí wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń gbé awò sójú ọ̀gá ilé-ìwé kan, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àbdùlsàlámì ni. Ó ní òun lọ ra ọjà ní Jos, òun sì rí àwo kékeré kan níbẹ̀, ti ẹgbẹ́ olórin obìnrin mẹ́ta tí Adébíyìí gbà gbọ́ pé wọn kò gbé àwo jáde rí. Ó ní ojú àwo náà mọ́ roro, wọ́n sì ń ta gìtá bí ẹni tí iná wà ní ìka rẹ̀.

Adébíyìí gbé awò sílẹ̀. Ó béèrè bóyá òní ló rí i.

Àbdùlsàlámì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjọ́ kẹta rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Wá gbé e kí n tó yí ọkàn padà."

Ọ̀gá ilé-ìwé náà ló sọ ìyókù fún Dinah. Ó ní gíláàsì ojú ọ̀tún nìkan ni ọkọ rẹ̀ tíì fi sínú awò òun tó fi fò jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń sáré lọ sí ọ̀nà afárá, tó ń kọrin.